Afẹsẹ̀gbá Kò Ní Jókòó Nídìí Tábìlì Mi

Ní ọjọ́ tí Maren, ọmọ àbúrò mi, kọ́kọ́ pàdé Emmett Sorley, wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe gbé omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Maren ni ó ń gbé omi fún ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì Wexley, ní ìlú wa, Orrin, ní Nebraska, níbi tí àgbàdo ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí àgbàdo náà sì gbọ́n ju púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà lọ. Dale Krupp ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà. Ọrùn Krupp fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ohun tí ó ń dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ láti inú ọrùn náà bọ́ sí ẹnu. Ó na ìka sí ìkángun pápá.

“Èyí tó dá dúró lọ́hùn-ún yẹn, má wulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Afẹsẹ̀gbá ni. Kì í làágùn.”

Nínú bọ́ọ̀lù tí àwa ń gbá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọn a sì máa kan ara wọn bí àgbò. Ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ó fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Bí ó bá tàsé, gbogbo ìlú á gbàgbé àṣìṣe àwọn yòókù, wọ́n á sì máa rántí tirẹ̀ títí wọn yóò fi kú.

Krupp ti fi ọ̀pọ̀ afẹsẹ̀gbá ṣòfò. Ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù lu ìdí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ajuọ̀kọ̀, nítorí Krupp gbà pé ẹni tí apá rẹ̀ bá le, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà á le. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sí ilé wọn, ọ̀tá á ti dé bá wọn kí ẹsẹ̀ tó kan awọ. Ṣé Krupp wá fún àwọn ọmọ náà ní àkókò ìgbáradì? Rárá o. “Ẹsẹ̀ ò nílò ẹ̀kọ́,” ni ó máa ń wí. “Láti ọdún kan ni kálukú ti ń rìn.”

Maren gbé omi lọ sí ìkángun pápá.

“Wọ́n ní o kì í làágùn,” ni ó wí.

Emmett yíjú. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ pupa bí àlùbọ́sà. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Kóòṣì.”

“Kóòṣì ò tíì sún mọ́ mi tó láti gbóòórùn mi rí.”

Maren rẹ́rìn-ín. Ó wá rí i pé Emmett fi bọ́ọ̀lù ti bàtà rẹ̀ kan kí ó má baà ṣubú.

“Ta ló ń di bọ́ọ̀lù mú fún ọ?”

“Bàtà mi.”

“Ṣé bàtà yẹn gbọ́n?”

“Ó gbọ́n ju ẹni tí wọ́n fún mi lọ.”

Trace Dunning ni wọ́n fún un, ọmọkùnrin arẹwà tí ó ń ju bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ náà, tí ó sì ka ìkúnlẹ̀ níwájú afẹsẹ̀gbá sí àbùkù. Kì í wá síbi ìgbáradì. Ìgbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́ nìkan ni ó ń kúnlẹ̀, tìbínú-tìbínú, bí ẹni tí wọ́n ní kí ó fọ àwo.

Maren gbé omi sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Ó gbé bọ́ọ̀lù náà nàró, ó fi ìka kan yí i. Emmett kò gbá a. Ọwọ́ Maren ni ó ń wò.

“Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?”

“Bàbá mi. Láti kékeré ni, lẹ́yìn ilé wa. ‘Okùn sí òpó, Maren. Okùn sí òpó.’ Àfi bí ẹni ń gbàdúrà.”

Okùn wà lójú bọ́ọ̀lù wa, níbi tí a ti rán an. Bí okùn náà bá kọjú sí ẹsẹ̀ tí ń bọ̀, bọ́ọ̀lù á yà sí ibi tí ó wù ú. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ yí i kọjú sí òpó, kí ẹsẹ̀ tó dé, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà ìkórè yẹn, bí àwọn yòókù ti ń kígbe láàárín pápá, Maren á kúnlẹ̀ ní ìkángun, Emmett á sì máa gbá bọ́ọ̀lù sínú afẹ́fẹ́ tútù.

“Ọ̀wọ́n mi,” ni ó wí fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, “ojú máa ń tì mí tí o bá kúnlẹ̀ báyìí. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀.”

“Gbá bọ́ọ̀lù ná. Ìkúnlẹ̀ tìrẹ ń bọ̀.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Maren sọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jáde nídìí oúnjẹ. Ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹran ni a ń jẹ, pẹ̀lú búrẹ́dì aládùn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe bí òtútù bá ti dé. Rolf, àbúrò mi, bàbá Maren, gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Afẹsẹ̀gbá? Ọmọ tèmi? Ìbá sàn kí o lọ fẹ́ ará Iowa, àwọn ọ̀tá wa!”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú un wá kẹ́ ẹ rí i.”

“Mo ti rí irú wọn. Aláìlọ́kàn ni wọ́n. Afẹsẹ̀gbá kò ní jókòó nídìí tábìlì mi.”

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, nídìí tábìlì kan náà, láti ẹnu bàbá wa. Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún nígbà náà.

Lyle Brandt ni orúkọ afẹsẹ̀gbá tèmi. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Wexley nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, Rolf ni ó sì ń kúnlẹ̀ di bọ́ọ̀lù mú fún un. Nínú eré tí a ìbá fi gba ife, Lyle tàsé láti ibi tí ìyá àgbà kò ti lè tàsé. Àwọn ará ìlú fi ọ̀dà kun fèrèsé rẹ̀. Bàbá mi lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa, ìyá mi sì ń gbé àwo bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan. Lyle kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Dakota. Kò wí ju gbólóhùn kan lọ fún mi: “Signe, èmi ni mo tàsé.” Èmi kò fẹ́ ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà ni Rolf sì ti di olórí àwọn tí ń bú afẹsẹ̀gbá ní pápá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Maren tẹ̀ lé mi dé ilé ìdáná. Bí ó ti ń nu àwo, ó ń sọ fún mi bí òun ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, àti bí ó ṣe máa ń pariwo bí okùn bá yà díẹ̀.

Mo dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ Lyle ni ó bàjẹ́, kí ni Rolf ń wá nídìí okùn? Kí ló dé tí ọkùnrin tí ó kórìíra afẹsẹ̀gbá fi sọ ọmọbìnrin kékeré di adìbọ́ọ̀lùmú lẹ́yìn ilé, lọ́dọọdún, láìsí afẹsẹ̀gbá kankan níbẹ̀? Mo ń fọ àwo lọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àbúrò mi.

Eré tí ó kẹ́yìn ní ilé wa ni ó tú àṣírí. Wexley ti hu gbogbo ìwà òmùgọ̀ tí ikọ̀ lè hù: wọ́n sọ bọ́ọ̀lù nù, wọ́n gbá ọ̀tá lẹ́yìn fèrè, Dunning ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá bí ẹni ń ta ọrẹ. Síbẹ̀ ọ̀tá náà kò gbọ́n jù wọ́n lọ, nítorí náà bí Emmett bá gbá ẹyọ kan péré wọlé lópin eré, a ó borí. Ibẹ̀ kò jìnnà. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Rolf ń kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, “Ẹ̀yin aláìlọ́kàn! Ẹsẹ̀ ewúrẹ́!”

Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Dunning. Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ìdọ̀tí sílẹ̀. Emmett gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yà lápá òsì bí ọ̀mùtí.

Gbogbo pápá figbe ta. Ẹni tí ó jókòó níwájú wa ju ife kọfí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n máa ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì bú ìyá ọmọ ọlọ́mọ. Mo yíjú sí Rolf, kí n lè gbọ́ èébú tirẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

Akọ̀ròyìn bi Emmett ohun tí ó ṣẹlẹ̀. “Èmi ni mo tàsé,” ni ó wí. Dunning dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

Maren bínú sí i lójú gbogbo ènìyàn. “Kí ló dé tí o ò sọ òótọ́?”

“Afẹsẹ̀gbá kì í dárúkọ ẹni tó kúnlẹ̀ fún un, ayànfẹ́ mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

“Ìṣe yín ò dáa!”

“Bóyá ni. Màá kúrò níbí kó tó di Kérésìmesì. Krupp ní kí n má padà wá mọ́.”

Ní ọjọ́ kejì, Maren mú un wọlé láìgba àṣẹ, ó fà á jókòó nídìí tábìlì. Rolf wo àwo rẹ̀.

“Ẹ káàsán, Ọ̀gbẹ́ni Hauge,” ni Emmett wí. “Ẹ má bínú nípa ti àná. Èmi ni mo tàsé.”

“Bàbá,” ni Maren wí, “ìjókòó yín dojú kọ ibẹ̀ gan-an. Kí lẹ rí?”

Rolf bu ọbẹ̀ kún àwo rẹ̀. “Afẹ́fẹ́ ni.”

“Afẹ́fẹ́ wo?”

“Mo ní afẹ́fẹ́ ni!”

Emmett dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún oúnjẹ tí kò tíì fẹnu kàn, ó sì jáde. Maren mú ẹ̀wù rẹ̀. “Bó bá lọ, mo bá a lọ. Ẹ ò sì ní mọ ọ̀nà ilé wa.” Ilẹ̀kùn dún.

Ó ku èmi àti Rolf pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ń tutù.

“Rolf,” ni mo wí, “ṣé afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ́jọ́ ti Lyle?”

Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde gba ẹ̀yìn ilé, níbi tí ó ti máa ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán yẹn, mo kẹ́gàn rẹ̀ ju bí mo ṣe kẹ́gàn Krupp lọ. Krupp kò mọ nǹkan kan. Rolf mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Krupp ti jókòó ní ilé kọfí Darlene, ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn àgbààgbà tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn. Mo wà nídìí fèrèsé nígbà tí Rolf wọlé.

“Ọmọ yẹn ò lọ́kàn,” ni Krupp ń wí. “Ọkàn ni wọ́n fi ń gbá a.”

“Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a, Dale,” ni Rolf wí. Kò jókòó. “Okùn kọjú sí i. Mo rí i. Dunning ò yí i.”

Krupp rẹ́rìn-ín. “Láti òkè lọ́hùn-ún? Kí lo mọ̀ nípa okùn?”

“Mo mọ bó ṣe ń rí. Èmi náà ò yí ti Lyle Brandt.”

Darlene gbé ìkòkò kọfí dúró lójú òfúrufú. Àwọn àgbààgbà wo bàtà wọn. Àwọn kan nínú wọn ni wọ́n mú ọ̀dà lọ sí fèrèsé Lyle nígbà náà. Krupp nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò yé. “Eré àtijọ́ lò ń wí,” ni ó wí, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní búrẹ́dì sí i. Mo gbọ́ pé ó ti ń wá afẹsẹ̀gbá mìíràn báyìí láàárín àwọn tí ń fi igi gígùn fò. Dunning ni yóò kúnlẹ̀ fún ẹni náà.

Láti ibẹ̀, Rolf lọ sí ibi tí Emmett ti ń di ẹrù. Maren ni ó ròyìn ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún mi. “Tábìlì mi ní àga tó ṣófo,” ni ó wí. “Wá jókòó, ọmọ. Ọbẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi ṣì kù púpọ̀.”

Nígbà tí àgbàdo yọ orí, Emmett kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maren. Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Maren tẹ ẹnu mọ́ etí ọkọ rẹ̀: “Mo sọ fún ọ pé tìrẹ ń bọ̀.” Ẹ̀rín Emmett dún dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ kéèkì, Rolf wá bá mi lábẹ́ igi.

“Mo pe Lyle,” ni ó wí. “Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ òun ti kan bọ́ọ̀lù.”

“Dájúdájú ni ó mọ̀. Kí ló tún sọ?”

“Ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó bèèrè bóyá o ṣì máa ń tètè bínú.”

“Kí lo dá a lóhùn?”

“Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó sì kúnlẹ̀ sínú koríko lórí orúnkún kan, nínú ṣòkòtò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, bí ó ti máa ń kúnlẹ̀ láyé àtijọ́. “Signe, dárí jì mí.”

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àbúrò mi ti pẹ́ jù kí ó tó jẹ́wọ́. Mo wo orí rẹ̀ tí ó ti pá, mo wo Emmett àti Maren tí wọ́n ń fi kéèkì bọ́ ara wọn ní ọ̀ọ́kán, mo sì sọ fún un pé kí ó dìde.

Ṣùgbọ́n n kò yára sọ ọ́.