Ọ̀já Tí A Fi Pọn Ẹ̀rọ

Ọkùnrin kan pọn ẹ̀rọ wọ ọgbà ilé ìwòsàn ní Ọjọ́rú kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Okùn ló fi so ó mọ́ ẹ̀yìn. Ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Àwọn aláboyún tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ kú ọmọ o! Oṣù mélòó ni?"

"Ọdún méjì ni, ìyá. Ṣùgbọ́n kò tíì rìn."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Agbẹ̀bí jáde láti wo ohun tó fa ẹ̀rín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, kò sì sí ohun tí í rí kó má bèèrè nípa rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ó tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ nítorí ó fẹ́ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

"Kí ló wà nínú àpótí yẹn?" ó bèèrè.

"Ẹ káàárọ̀ náà," ọkùnrin náà dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ nínú oyún ni. Mọ́tò rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá afárá."

Agbẹ̀bí rí i pé okùn ti bó o léjìká. Ó wọlé, ó mú ọ̀já aláwọ̀ ewé kan jáde. "Ẹnìkan kì í fi okùn pọn ọmọ. Ẹ máa lo èyí."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Apọnẹ̀rọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ṣe rí. Ilé ìwòsàn kéékèèké márùn-ún ló wà ní agbègbè yẹn. Kò sí èyí tó ní dókítà nínú wọn, kò sì sí èyí tó lè dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rà. Wọ́n pawọ́ pọ̀, wọ́n ra ẹyọ kan, wọ́n sì gba Apọnẹ̀rọ síṣẹ́ láti máa lò ó, kó sì máa gbé e káàkiri. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Dókítà kan ní ìlú ńlá ni wọ́n ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí lórí fóònù, yóò sì sọ ohun tó rí fún wọn.

Ní ilé ìwòsàn agbẹ̀bí, abẹ́ táǹkì omi nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń dúró sí ní gbogbo Ọjọ́rú, tí wọ́n ń retí èsì dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ríran láìlójú?" agbẹ̀bí bèèrè.

"Etí ló fi ń ríran, bí àdán. Á rán ohùn wọlé, ohùn náà á kan ọmọ, á sì padà wá ròyìn."

"Àdán lẹ wá pọ̀n wá bá wa!"

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Wọ́n dá eré kan sílẹ̀. Agbẹ̀bí á kọ́kọ́ fi ọwọ́ wo ikùn aláboyún, á sọ bí ọmọ ṣe sùn, kí Apọnẹ̀rọ tó gbé ẹ̀rọ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, kò ṣì í rí. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀rọ fi ọmọ kan hàn.

"Tún un wò," agbẹ̀bí ní. "Orí méjì ni ọwọ́ mi kàn."

Apọnẹ̀rọ yí ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́, ó rọra ń wá a. Àṣé èkejì sá pamọ́ sẹ́yìn èkíní. Lábẹ́ táǹkì, dókítà náà sọ lórí fóònù pé òótọ́ ni, ìbejì ni.

"Láti òní lọ, Ọwọ́-ríran ni n ó máa pè ọ́," Apọnẹ̀rọ sọ fún un, ó sì wojú rẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá agbẹ̀bí ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé yàrá oògùn. Òun ni Olóògùn ilé ìwòsàn náà, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ yàrá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà, áńbọ̀sì ẹni tó pọ̀n ọ́n.

"Ilé ìwòsàn márùn-ún tó ń lo ojú kan," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, "ọjọ́ kan ni wọ́n á ní ká ti mẹ́rin pa. Tiwa ló sì kéré jù. Ọkùnrin tó sì ń sùn nílé márùn-ún, èwo gan-an ni ilé rẹ̀?"

Agbẹ̀bí mú fóònù rẹ̀, ó padà lọ sábẹ́ táǹkì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, Apọnẹ̀rọ ti di ẹrù tán.

"O ò kúkú dúró dàárọ̀?" agbẹ̀bí ní. "O ò tíì sọ bí o ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí fún mi tán."

Ó mọ òfin. Apọnẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n. "Kùtùkùtù ni n ó ti dé ọ̀hún," ó ní, ó sì sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò dé, omi bo afárá títí di ọ̀sán. Ní ilé ìwòsàn kẹrin tí ẹ̀rọ kàn lọ́jọ́ náà, obìnrin kan ti ń rọbí láti ìdájí. Ọmọ dábùú nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ dé ni wọ́n tó rí i, wọ́n sì fi mọ́tò sáré gbé e lọ sí ìlú ńlá. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á yè.

Ilé márààrún ṣèpàdé. Olórí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kẹrin, màmá kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ̀rọ la jọ rà, a ò jọ ra ọkọ ìyàwó! Àwa ń jáde nínú àdéhùn yìí."

Bí ẹnìkan bá sì jáde, àwọn yòókù kò ní í lè gbé ìnáwó ẹ̀rọ náà.

Apọnẹ̀rọ dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi, Mà. Ẹ lé mi, ṣùgbọ́n ẹ má tú àdéhùn yìí ká." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Agbẹ̀bí jókòó ti bàbá rẹ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó dìde. "Èmi ni mo ní kó dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló dé tí ẹrù ilé márùn-ún fi wà lórí ẹ̀yìn ẹnìkan ṣoṣo? Kí ẹni tó lo ẹ̀rọ lónìí gbé e pàdé ẹni tó kàn ní agbedeméjì ọ̀nà. Èmi ni n ó kọ́kọ́ rìn ín."

Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí Apọnẹ̀rọ jókòó sí ilé ìwòsàn kẹrin, kó máa tún ẹ̀rọ ṣe, kó má sì fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn agbẹ̀bí fún oṣù mẹ́ta. Lójú ọ̀nà ilé, ohun kan ṣoṣo ni Olóògùn sọ: "Ó parí nìyẹn."

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni agbẹ̀bí ń pọn ẹ̀rọ dé ibi afárá, tó ń fà á lé òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kẹrin lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ bá sì tún yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó máa ń rí i pé wọ́n ti fọ ọ̀já náà mọ́, wọ́n sì ti ká a dáadáa. Kò bèèrè ẹni tó fọ̀ ọ́. Ó mọ̀ ọ́n.

Oṣù mẹ́ta ń parí lọ nígbà tí obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, orí ọmọ sì ti ń yọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ ń ṣàìsàn. Oòrùn ń wọ̀.

"Ẹ̀rọ o!" agbẹ̀bí ké láti inú yàrá ìbímọ. "Ta ni yóò gbé ẹ̀rọ lọ?"

Olóògùn ti ilẹ̀kùn yàrá oògùn. Ó wo àpótí náà títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e pọ̀n.

"Bàbá, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Gbájú mọ́ ẹni tó ń rọbí jàre."

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nǹkan kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́yìn, agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ sì ni nígbà náà. Bó ṣe ń rìn, ó ń ti ọwọ́ sẹ́yìn gbé àpótí náà sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ.

Apọnẹ̀rọ ni wọ́n rán wá pàdé rẹ̀ níbi afárá. Bó ti rí ẹni tó ń bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Dìde," Olóògùn ní, ó ń mí hẹlẹ. "Mo fẹ́ bi ọ́. Nínú ilé márùn-ún yìí, èwo ni ilé rẹ?"

"Ibi iṣẹ́ ni mẹ́rin nínú wọn, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tí ìkarùn-ún jẹ́."

Bàbá tú ọ̀já. "Gba ọmọ rẹ. Tèmi wà nílé. Ìyẹn kò ṣe é pọ̀n o, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn. Wá bi í fúnra rẹ." Ó yíjú padà. "Ṣùgbọ́n má wá lọ́jọ́ ẹ̀rọ."

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Ọjọ́ Àìkú ló wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí agbẹ̀bí rí i kó wọ ọgbà láìpọn ẹ̀rọ. Ọ̀já aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a. Ẹsẹ̀ wọn gbé wọn lọ sábẹ́ táǹkì.

"Wọ́n ti rán àpò fún ẹ̀rọ," Apọnẹ̀rọ ní. "Ìdí nìyí tí mo fi dá ọ̀já rẹ padà."

Agbẹ̀bí kò gba ọ̀já náà. "Ṣé ìdágbére lo wá ṣe ni?"

"Rárá o, Ọwọ́-ríran. Mo ní kí o bá wa tọ́jú rẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi dé."

"Níbo ló wà?"

"Kò tíì gbéra. Èmi àti ìwọ la ó jọ ránṣẹ́ pè é, bí o bá gbà."

Agbẹ̀bí gba ọ̀já náà, ó gbé e lé èjìká. Ó ṣì ní ìbéèrè kan. "Bí wọ́n bá jẹ́ méjì ńkọ́?"

"Ọwọ́ rẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀."

Fèrèsé yàrá oògùn ṣí. Olóògùn húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọlé wá jókòó! Abẹ́ táǹkì omi kọ́ ni wọ́n ti ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀."