Ẹ̀ẹ̀mejì Lọ́sẹ̀

Aṣọ akọrin ló gbé Àkànjí dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Àkànjí, ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Opó ni Rẹ̀mílẹ́kún, ó ń ránṣọ ní Òkè-Ṣọpẹ́n, n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Sùtánà àwọn ará ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ó gbé aṣọ náà sókè, ó wò ó títí.

"Bàbá, ta ló rán èyí fún yín? Ṣé kí ẹ máa kọrin ni, àbí kí ẹ máa fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Àkànjí rẹ́rìn-ín. Láti ọdún márùn-ún tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ṣòkòtò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewùrà ló gbé wá, ta ló sì ń rán ewùrà? Rẹ̀mílẹ́kún mọ̀ pé ìfẹ́ ti dé.

Òun náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àkànjí dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rẹ̀mílẹ́kún kọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà kẹrin, ó la ẹnu.

"Àkànjí mi, ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Ojú ara mi ti gbẹ. Bí mo bá tọ̀, ó ń ta mí. Kí ọkọ mi tó kú, bó bá sún mọ́ mi, bí ẹni fi abẹ ya mí ni. Ó ní n kò fẹ́ òun mọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé lọ sọ́run. N kò fẹ́ kí ẹ̀yin náà fi ojú yẹn wò mí."

Àkànjí sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. "Bí eyín bá ń dun ènìyàn, dókítà là ń lọ bá. Kí ló dé tí ti ibẹ̀ yẹn fi yàtọ̀?"

Wọ́n jọ lọ bá Dókítà Zulaikha ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó bi í bóyá ó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fún un ní ìpara kan.

"Mọ́mì, bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, èròjà ẹ́sítrójìn tó ń mú ibẹ̀ rọ̀ a máa dín kù. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ìpara yìí ń dá padà. Alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ péré. Ẹ má ṣe kọjá ìlà tí mo fà sára ike tí ẹ ó máa fi wọ̀n ọ́n yìí. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀kán kan, ẹ tètè máa bọ̀."

Kí oṣù méjì tó pé, ìtọ̀ kò ta á mọ́. Ó gbà láti fẹ́ Àkànjí, wọ́n sì fi ọjọ́ ìgbéyàwó sí Sátidé kan, nínú ìjọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ a máa ti ènìyàn sí àṣejù. Oògùn tó dára báyìí, ó ní, kí là ń ṣọ́ ọ lò sí? Alaalẹ́ ló ń lò ó lọ, ó tún ń fi kún un.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú.

Adépéjú, ẹ̀gbọ́n Àkànjí, pòṣé. "Obìnrin tó bá ń sún ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta. Ṣé mo sọ fún ẹ àbí n kò sọ?"

Àkànjí bá Rẹ̀mílẹ́kún nílé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

"Nǹkan oṣù mi ti padà o! Oògùn yẹn ti sọ mí dọ̀dọ́. Ẹ sì mọ òfin wa, obìnrin tó bá wà nínú nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà títí ọjọ́ méje yóò fi pé."

Ojú Àkànjí yí padà. "Rẹ̀mí, kí ni dókítà wí nípa ẹ̀jẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ àìsàn nìyẹn. Nǹkan oṣù ni tèmi."

"Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà?"

"Sárà inú Bíbélì ńkọ́?"

"Sárà kò fi ìpara sára."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bí mo bá lọ, wọn á gba oògùn náà lọ́wọ́ mi. Kí lẹ máa wá fẹ́ nígbà náà? Igi gbígbẹ?"

"Ìwọ ni."

Ó kọ̀ jálẹ̀, kò lọ.

Sátidé kọjá. Ní Sọ́ńdè, Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sórí bẹ́ńṣì abẹ́ igi máńgòrò, níta ilé àdúrà, níbi tí àwọn obìnrin tí àsìkò wọn dé máa ń jókòó sí. Ni Àkànjí bá dé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó ti fi ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó tì í.

Ìyàwó kan lórí bẹ́ńṣì náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ń ṣe nǹkan oṣù ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìyàwó mi bá jókòó sí lèmi náà ń jókòó sí."

Wọ́n gbé orin nínú ilé, Àkànjí sì ń gbè é níta. Omi bọ́ lójú Rẹ̀mílẹ́kún.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Àkànjí. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́?"

"Ó ń ba èmi náà. Jẹ́ ká jọ gbé ẹ̀rù náà lọ."

"Lọ́la?"

"Lọ́la."

Dókítà yàwòrán inú rẹ̀, ó mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Rẹ̀mílẹ́kún jẹ́wọ́ bó ṣe lo ìpara náà.

"Mọ́mì, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ pa á tì ná."

Ẹ̀jẹ̀ náà dá, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sì fi dúró de èsì. Adépéjú gbọ́, ojú tì í, ó fi ewùrà se ìkọ́kọrẹ́ wá.

Èsì dé: kò sí jẹjẹrẹ. Àpọ̀jù ìpara ló mú awọ ilé ọmọ nípọn díẹ̀. "Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta," ni dókítà wí. "Bó bá ti fẹ́lẹ́, a ó padà sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Títí dìgbà náà, jẹ́lì lásán ni kí ẹ máa lò, kò ní ẹ́sítrójìn nínú."

Níta, Rẹ̀mílẹ́kún dúró. "Oṣù mẹ́ta, Àkànjí. Ṣé ẹ ó lè dúró títí oògùn yóò fi padà?"

"Kí ni mo fẹ́ dúró dè? Sátidé ni ìgbéyàwó wa."

Nígbà tí Sátidé sì dé, Àkànjí bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà, ó di ọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún mú, wọ́n sì jọ wọlé.