Oúnjẹ Abiyamọ, Ewúrẹ́ Ló Ń Jẹ Ẹ́

"Ìyàwó mi, oúnjẹ ti délẹ̀ o! Má jẹ̀ẹ́ kó tutù."

Ohùn ìyá ọkọ Àánúolúwa nìyẹn láti ilé ìdáná. Nígbà tí Àánúolúwa bí Ẹ̀ríolúwa, àkọ́bí rẹ̀, ni Màmá kó ẹrù wá sí Ìwó láti Kuta, tòun ti iṣu, ẹ̀wà, àti ewúrẹ́ kan tí wọn kò rí ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú rẹ̀ lóko. Wọ́n ní àwọn yóò wẹ ọmọ, àwọn yóò sì bọ́ ìyá ọmọ títí ara rẹ̀ yóò fi le.

"Mo ń bọ̀, Màámi. Ẹ ṣé o, mà."

Àánúolúwa kúnlẹ̀ gba abọ́. Iyán àti ẹ̀gúsí ni, irú àti olú ni wọ́n fi sè é, nítorí Àánúolúwa kì í jẹ ẹran, kì í sì í jẹ ẹja láti kékeré. Ìyá ọkọ mìíràn ìbá ti fi ìyẹn dá ìjà sílẹ̀. Ti Màmá ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá olú yẹn kiri ọjà.

"Ẹ̀yìnkùlé ni n ó ti jẹ ẹ́, Màámi. Atẹ́gùn wà níbẹ̀."

Ewúrẹ́ ti ń dúró dè é. Ó ṣí ọmọrí abọ́, ó da iyán sílẹ̀ lẹ́yìn garawa omi, ó dúró títí ewúrẹ́ fi lá ilẹ̀ mọ́, ó fọ abọ́, ó gbé e wọlé.

"O ti jẹ ẹ́ tán? Káre, ọmọ mi! Ọmú á kún dáadáa nìyẹn."

Ojú ti Àánúolúwa. Ṣùgbọ́n ìtìjú kan ló bí òmíràn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fọwọ́ gbá a níkùn: "Ṣé èkejì ṣì kù síbẹ̀ ni, àbí ìrẹsì lásán ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó délé, ó sunkún. Òótọ́ sì ni pé ìrẹsì, búrẹ́dì àti ẹ̀bà ló fi ń dípò ẹran tí kì í jẹ. Ló bá rí ọkùnrin kan lórí fóònù tó ń pariwo pé ẹni tó bá fẹ́ dín ara kù, kó lé gbogbo oúnjẹ afáralókun jáde nílé: iṣu, ẹ̀bà, ìrẹsì, títí kan ẹ̀wà. Ẹran àti ẹja ló kún iwájú ọkùnrin náà bó ti ń sọ̀rọ̀. Àánúolúwa ò bi ara rẹ̀ pé bí òun bá lé ẹ̀wà náà lọ, kí ló kù fún òun? Kùkúńbà àti omi ló kù. Ìyẹn náà ló sì ń jẹ.

Aṣọ tó ti fún un tẹ́lẹ̀ wá ń tóbi fún un, inú rẹ̀ ń dùn. Kò fiyè sí i pé Ẹ̀ríolúwa á fa ọmú títí, á sunkún, á tún fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ iyán yẹn ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọn ọmọ. Bó ṣe nà ró, ilé yí, ojú rẹ̀ ṣú. Màmá ló fò mọ́ ọn, tí wọ́n gba ọmọ mú kó tó kanlẹ̀. Ìyá ọmọ ló ṣubú.

Kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Olúdáre, ọkọ rẹ̀, sáré bá wọn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Faridah gbé ìyá àti ọmọ sórí ìwọ̀n, ó sì fajú ro.

"Ọmọ yìí ò wúwo tó bó ṣe yẹ. Okun ò sí lára ìyá rẹ̀, omi ọmú ò sì tó. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń bọ́ ọ nílé?"

"Iyán ni. Ẹ̀wà ni. Ẹ̀gúsí ni. Ó sì ń jẹ ẹ́ tán, ọmọ mi, abọ́ á mọ́ fọ́ó."

Olúdáre kọjú sí ìyá rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èrò tó jókòó níbẹ̀ ló gbọ́: "Màámi, ṣé kì í ṣe pé nítorí tí kì í jẹ ẹran lẹ ṣe ń fi oúnjẹ dù ú?"

Màmá tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé. Àánúolúwa ń wo òrùlé. Gbólóhùn kan péré ni ìbá gba ìyá náà sílẹ̀. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ ọ́.

Kí wọ́n tó padà délé, àdúgbò ti gbọ́ pé ìyá ọkọ ń febi pa abiyamọ. Ẹnìkan tilẹ̀ ké láti ojú fèrèsé: "Ẹ̀yin Ìyá Kuta, ṣé iṣu ti wọ́n lọ́dọ̀ọ yín ni?"

Màmá kọjá lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n bu mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ sí abọ́, wọ́n gbé e wá sí pálọ̀ níwájú Olúdáre. "Ó yá, kí ìyàwó rẹ jẹ ẹ́ kí ojú gbogbo wa rí i." Wọ́n ṣí ọmọrí.

Ìró ọmọrí yẹn ni ewúrẹ́ gbọ́. Ó já wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, kò wo Olúdáre, kò wo Màmá, ẹsẹ̀ Àánúolúwa ló lọ tààrà, ó gbórí sókè, ó ń ké bí ẹni tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Olúdáre lé e títí, kò lọ.

Màmá wo ewúrẹ́. Wọ́n wo ikùn rẹ̀ tó rí rogodo. Wọ́n wo ìyàwó ọmọ wọn.

"Èmi ti ń rò ó pé koríko Ìwó ló dára," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Orúnkún Àánúolúwa kanlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Màámi. Èmi ni mò ń dà á fún un. Mo fẹ́ fọn, kí ara mi dín kù ni."

"O sì dákẹ́ nígbà tí ọmọ tí mo bí ń bi mí léèrè lójú ayé?"

Olúdáre náà dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà lọ sọ òótọ́ fún Nọ́ọ̀sì Faridah, Màmá sì wà níbẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀rí," ni nọ́ọ̀sì wí, "kéèyàn fẹ́ fọn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kéèyàn má sì jẹ ẹran kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n a kì í lé oúnjẹ afáralókun lọ pátápátá. À ń dín in kù ni, à ń ṣà á. Jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́ rẹ. Ìdajì tó kù, pín in sí méjì: iṣu, ànàmọ́, ọkà bàbà tàbí ìrẹsì ọ̀fadà lápá kan, ẹ̀wà, sóyà, ẹyin tàbí wàrà lápá kejì. Afáralókun wà nínú ẹ̀wà lóòótọ́, àmọ́ òun ló ń ṣe iṣẹ́ ẹran fún ìwọ. Bó o bá lé e lọ, kí ni yóò gbé ọ ró?"

"Ẹ̀bà ńkọ́, mà?"

"Jẹ ẹ́, kó má ṣáà ju ìkúùkù lọ."

"Ìkúùkù ta ni?" Màmá bi í. "Tèmi àbí tiẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Tiẹ̀ ni, Màmá. Ohun tó yẹ kó sá fún ni ẹlẹ́rìndòdò, búrẹ́dì funfun àti pọ́fù-pọ́fù. Ìyá Ẹ̀rí, bí ara rẹ bá ti le, máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà má kánjú fọn. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò pẹ̀lú. Lọ́jọ́ mìíràn, wá bi wá kó o tó bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan báyìí."

Ara Ẹ̀ríolúwa ti ń kún báyìí. Àánúolúwa dìde nínú ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Akọrin tó gbá a níkùn ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn yẹn nílé ìwòsàn pọ̀, kò sì mọ ilé gbogbo wọn.

Màmá ò lọ. Wọ́n ṣì ń sè. Àmọ́ wọn ò pariwo mọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Wọ́n á gbé abọ́ wá, wọ́n á fa àpótí, wọ́n á jókòó kọjú sí Àánúolúwa títí abọ́ yóò fi ṣófo.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, bí ẹ bá fẹ́ fọn, ẹ fọn. Ẹ má gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú abọ́ yín. Ẹ lọ bá elétò ìlera. Ẹ̀yin tó ń fi ikùn abiyamọ ṣẹ̀fẹ̀, ẹ dákun, ẹ sinmi. Oúnjẹ tí a ò bá lè jẹ, ẹ jẹ́ ká fẹnu ara wa sọ ọ́ fún ẹni tó sè é. Ewúrẹ́ ò mọ àṣírí í pa mọ́.