Sátidé Tí A Dúró De Àwọn Ará Ilé Láyí

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni Lazarus, ọ̀rẹ́ Láyí àfẹ́sọ́nà mi, kan ilẹ̀kùn wa ní Ladi-Lak. Ó ní Láyí ní kí òun wá sọ pé àwọn ará ilé òun kò ní lè wá ní Sátidé.

Sátidé ti lọ. Màmá mi ti se ìrẹsì tí ó tò sórí ìlà nínú oòrùn kó tó rí rà. Bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀-Èkó ti wọ agbádá jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń retí àlejò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ títí oúnjẹ fi tutù.

Mo bi Lazarus pé níbo ló wà láti àná. Ó ní òun gbàgbé pé Sátidé ìmọ́tótó ni. Òun sọdá títì ní Onípanu nígbà tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, ni àwọn sójà bá fi àdá lé òun lọ́wọ́, òun sì gé koríko títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi. Ó ti bó. Mi ò lè bínú sí i, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

"Láyí fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti mú un, Saheedat. Ó máa gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ó ti lọ sí àgọ́ wọn ní Ìbàdàn."

Bọ́ọ̀lù wo? Rọ́gbì ni. Ó gùn bí ìbẹ́pẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jù ú sí, síbẹ̀ iwájú ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo àwọn yòókù á wó lù ú. Ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ni Láyí ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹrù ìwé lọ fún àwọn òyìnbó tó ń gbá a ní Erékùṣù, ènìyàn wọn kan dín, wọ́n ní kó wọlé. Kò jáde mọ́.

Ilé ìtẹ̀wé yẹn náà ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí mo lọ gba káàdì ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi. Imú rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ kan ti dí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá olè ló dá a lọ́nà.

"Rárá o," ó ní. "A borí ni."

Mo rẹ́rìn-ín dé ilé. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti sá.

Nígbà tí bàbá mi bi í léèrè ohun tí wọ́n ń san fún un nídìí bọ́ọ̀lù yẹn, ó dáhùn pé, "Wọ́n máa ń fún wa ní tíì àti búrẹ́dì, sà." Eyín rẹ̀ kan ti bọ́ síbẹ̀ nígbà náà.

Nítorí náà, nígbà tí Lazarus lọ, bàbá mi kò pariwo. "Tó bá jẹ́ Nàìjíríà ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, kí Nàìjíríà fún un níyàwó." Ó ní kí Láyí fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀, tàbí kó gbàgbé ọ̀nà ilé òun.

Nígbà tí Láyí wá sílé láti àgọ́, mo lọ bá a nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ní òun ló sọ fún bàbá òun pé kí wọ́n má lọ, nítorí òun kò ní sí níbẹ̀. Mo jókòó sórí òkìtì pépà. Ọjọ́ tí wọ́n lọ tọrọ màmá mi, ibi iṣẹ́ ni bàbá mi wà. Àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ ìyàwó ò ju ẹrù lọ níbẹ̀.

"Bàbá ẹ la dúró dè, Láyí. Ta ló béèrè ìwọ?"

"Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o fẹ́ mi. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Kí lèèyàn fẹ́ fi irú ẹni báyìí ṣe? Ọkàn mi yọ́, orí sì ń fọ́ mi. Mo sọ ohun tí bàbá mi wí fún un. Ó pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó ní ó dáa, òun kò ní padà sí Ìbàdàn. Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú. Mo rí ọjọ́ iwájú wa: èmi nìyí, òun nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí yóò máa wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Rárá," mo ní. "Ọláyíwọlá, mi ò ní kí o fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Padà sí àgọ́. Ìwọ ni mo máa fẹ́, tìwọ ti bọ́ọ̀lù ẹ. Mò ń lọ sọ fún bàbá mi báyìí, bí wọ́n bá sì lé mi, ilé màmá ẹ ni mò ń bọ̀."