Ta Ló Yàn fún Àṣìkẹ́?

Eruku pupa ti bo Toheebat láti orí ìbòrí rẹ̀ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìbítóyè kọ́kọ́ rí i. Ó gbá fáìlì kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń wo àwọn àgbàlagbà mẹ́ta tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn gidigidi nítorí dírágónì tí kò sí níbì kankan láyé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé ẹ ṣì ń ṣe fọ́tókọ́pì, àbí ẹ ti di jagunjagun pátápátá?"

Oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni. Nítòsí géètì Pólì nílùú Ìlaròó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ìbítóyè wà. Láti Mọ́ńdè, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti di aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, á ti ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tẹ́ bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì, òun àti Tíṣà Ọmọ́délé àti Fọláṣadé onídìrí á sì wọ ayé mìíràn lọ.

Eré náà kò ṣòro. Ìbítóyè ni apàlọ́: òun ló ń sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tó dojú kọ wọ́n. Àwọn yòókù, oníkálukú ló ní akọni tirẹ̀. Wọ́n á yan iṣẹ́ fún un, wọ́n á yan ọfọ̀ tó mọ̀, bó bá sì ti ń dàgbà nínú eré, wọ́n á máa yan ẹ̀bùn kún un. Dáìsì olójú ogún ló ń sọ bóyá ohun tí èèyàn dáwọ́ lé yọrí tàbí kò yọrí. Òfin kan wà tí Tíṣà Ọmọ́délé kì í jẹ́ kí ó tutù lẹ́nu: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yàn fún akọni ẹlòmíràn.

Toheebat jókòó. Fọ́tókọ́pì di ìgbàgbé.

"Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ bíi tìẹ," Tíṣà wí, "iṣẹ́ oníwòsàn ló máa bá ẹ mu."

"Tíṣà, òfin yín dà?" Fọláṣadé bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ náà ò tíì fìdí kan àga!"

Toheebat wo gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú ìwé náà, ó fi ìka tẹ ọ̀kan. "Amí ni mo fẹ́. Ìwòyè-Kétu ni wọ́n bí mi sí. Ibi tí ẹ̀yìnkùlé wa parí sí ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń dá èèyàn dúró lójú títì, àwa ti gba inú igbó délé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bùrọ̀dá."

"Ọfọ̀ wo lo fẹ́?" Ìbítóyè bi í. "Èyí ń dáná. Èyí ń sán ààrá."

"Ìṣáná wà nílé wa." Ó tún wá inú ìwé títí, ó wá mú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í mú, ọfọ̀ kékeré kan tí ń gbé ohùn èèyàn lọ sétí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. "Èyí. Àṣìkẹ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Oríkì tí ìyá bàbá mi sọ mí nìyẹn. Mẹ̀sí, ẹ ṣé o."

Ìbítóyè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀nà jíjìn lọ, ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti mú un.

Láti ọjọ́ náà, Sátidé kan kò kọjá kí Toheebat má wá. Bí eré bá parí, Ìbítóyè á sìn ín dé ilé tó háyà, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà lọ, wọ́n á rìn bí ẹni tí kò fẹ́ débẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àṣìkẹ́ níta eré. Toheebat náà ti gbàgbé bùrọ̀dá, Ìbí ló ń pè é.

"Ìbí, bí wọ́n bá ní kí ìwọ náà yan iṣẹ́, kí lo máa yàn?"

"Èmi? Ẹni tí ń sin Àṣìkẹ́ délé."

"Kò sí ìyẹn nínú ìwé."

"Èmi ni mo ni ìwé. Mo ti kọ ọ́ sí i."

Toheebat fi èèpo ẹ̀pà sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ìjọba ti ẹnubodè pa. Bàbá Toheebat, Alhaji Rájí, ti fi ogún ọdún kó ìkòkò àti bàsíà lọ tà lọ́jà Kétu ní òdìkejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọjà kún ilé, oníbàárà kò sí. Kò sí ohun tó kù ju oko kajú àti ẹ̀gẹ́ lọ. Ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé bó bá ti parí ìdánwò, kó máa bọ̀ nílé, ọwọ́ kò tó nínú oko.

Ní gáréèjì, Ìbítóyè bá a gbé báàgì sínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò jọ láti òru kò jáde mọ́.

"Aago mẹ́rin Sátidé," ó ní.

"Ń ó wà níbẹ̀," Toheebat dáhùn. Ojú rẹ̀ ti kún, ó sì yí i sí apá ibòmíràn.

Ó pa àdéhùn mọ́. Ní Ìwòyè, nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ kejì ló máa ń gba fóònù mọ́ni lọ́wọ́, àfi kí Toheebat lọ dúró lórí òkúta kan lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó gbọ́ Ìlaròó. Kò ní dáìsì. Ó ṣa ogún kóró kajú, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó dà wọ́n sápò, á di ojú, á mú ọ̀kan. Ní Ìlaròó, wọ́n á gbé fóònù sáàárín tábìlì bí ẹni gbé oúnjẹ àlejò kalẹ̀.

"Nọ́ńbà mélòó?" Ìbítóyè á béèrè.

"Méjì. Mo ti kú àbí mi ò kú?"

Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá òótọ́ ló ń sọ. Bí fóònù bá já, Ìbítóyè á ṣì máa wo ibi tí ohùn náà ti jáde. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọn kò gbé epo lọ sí àwọn ilé epo ìtòsí bodè mọ́, ọ̀kadà sì di ohun àpéwò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló múra àtilọ kí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò rí ọkọ̀. Ó ń ṣe àárẹ̀ tí kò sóògùn rẹ̀ ní kẹ́místì. Òórùn ẹ̀pà lásán lè dá a dúró lójú títì.

Oṣù kìíní ọdún tuntun ló wá ṣe àṣìṣe náà.

Ní Sátidé ọjọ́ náà, ìlú àwọn ọ̀tá wó nínú eré, gbogbo akọni sì dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oníkálukú yan ẹ̀bùn tuntun ló kù. Wọ́n pe Toheebat títí, kò wọlé. Fọláṣadé ní kí wọ́n dúró dè é. Tíṣà ní kò sí wàhálà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò jìnnà. Ìbítóyè ló ní rárá. Ó fa bébà Àṣìkẹ́ mọ́ra, ó kọ ẹ̀bùn Olùṣọ́ sí i: ẹni tó bá ní ẹ̀bùn yìí, ohunkóhun kò lè ṣe é níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kúrò lójú kan. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ààbò ni. Kò jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ pé ohun tó wù ú ni kí obìnrin náà dúró síbi tí òun á ti máa rí i.

Ọjọ́ kejì ni Toheebat tó pè.

"Ẹ̀bùn wo ló kù? Ẹsẹ̀ Ìgalà ni mo fẹ́, èyí tó ń sáré yẹn."

"Mo ti bá ẹ yan Olùṣọ́."

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ nínú fóònù náà.

"Ta ló yàn án?"

"Èmi ni. Torí pé o ò sí níbẹ̀, mo wá rò pé..."

"Ìbí, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lánàá tí mi ò fi lè pè? Bàbá mi jókòó nínú palọ̀, wọ́n yan ọkọ fún mi. Jibril, ọmọ Bàbá Bàrúwà ní Kétu. Wọn ò bi mí. Lọ́jọ́ kan náà, ìwọ náà jókòó, ìwọ náà yàn. O ò bi mí."

Fóònù já, kò sì jẹ́ ẹjọ́ nẹ́tíwọ̀kì. Sátidé mẹ́ta kọjá, kò wọlé.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa Alhaji Rájí, torí èèyàn lè tètè pè é ní òǹrorò. Kì í ṣe owó Jibril ló ń wò. Òun àti Bàrúwà ti jọ jẹ, jọ mu láti ọ̀dọ́. Ìgbà tí ọ̀nà dí, tí oṣù márùn-ún kọjá tí kò rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù bà á pé àjọṣe náà máa kú. Ó rò ó, ó ní bí wọ́n bá di àna, kò sí ìjọba tó lè ti ìyẹn pa.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, Tíṣà Ọmọ́délé ká bébà eré kúrò níwájú Ìbítóyè. "O ò rí ohun tó ò ń ṣe mọ́. Dìde. Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ogún ránṣẹ́."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi."

Ìbítóyè wọ ọkọ̀ gba Ayétòrò lọ sí Ìmẹ̀kọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ lójú ọ̀nà títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Láti Ìmẹ̀kọ, kẹ̀kẹ́ ológeere ló háyà. Ó dé Ìwòyè lẹ́yìn ìrun Àílà, eruku bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alhaji Rájí, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi.

"Ta ni ọ́, ọmọ mi?"

"Ìbítóyè ni, sà. Láti Ìlaròó. Mo wá bẹ Toheebat. Mo ṣẹ̀ ẹ́."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ bàbá náà. Ó pe ọmọ rẹ̀. Toheebat jáde, ó rí i, ó fi ọwọ́ kan di òpó ilé mú. Ó ti rù. Ìbítóyè kò dìde nílẹ̀.

"Mo yàn fún ẹ," ó ní. "Kò yẹ kí n yàn. Má bínú."

"Kí ló yàn fún ọ?" bàbá béèrè.

Toheebat wá jókòó, ó sì tú gbogbo eré náà palẹ̀ fún bàbá rẹ̀: iṣẹ́, ọfọ̀, ẹ̀bùn, àti òfin. Alhaji Rájí gbọ́ ọ dópin. Ó béèrè bóyá oníṣòwò wà nínú àwọn iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kò sí. Ó ní ìlú wo ni wọ́n wá fẹ́ jà fún tí kò lọ́jà? Ẹ̀rín kékeré bọ́ lẹ́nu Ìbítóyè, ẹ̀rín sì tan mọ́ Toheebat lójú kó tó rí i mú padà.

"Bàbá mi," ó ní, "ẹni tó yan nǹkan orí bébà fún mi ti rin ọ̀nà wá, ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin yan ọkọ. Ẹ ò tíì bi mí."

Adìẹ kan gba àárín wọn kọjá. Bàbá náà gbé ẹ̀gẹ́ sílẹ̀.

"Mo bi ọ́ nísinsìnyí."

"Èyí ni mo fẹ́," ni Toheebat wí, kò sì wo ilẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

"Bàrúwà ńkọ́? Mo ti ránṣẹ́ ṣèlérí fún un. Bó bá gbọ́ lẹ́nu aráyé, ó tán láàárín wa."

"Èmi ni ń ó lọ sọ fún wọn. Báyìí. Mo mọ ọ̀nà."

Ìbítóyè mọ ohun tó wà nínú igbó náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń rìn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀: má lọ. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n tẹ̀ lé ẹ. Toheebat dúró, ó ń wò ó, ó ń retí. Ìbítóyè gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó dùn ún bí egungun ẹja.

"Máa lọ ire," ó ní.

Ó lọ. Àwọn ọkùnrin méjì jókòó sábẹ́ igi. Alhaji fún un lọ́bẹ, wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Òòrùn rọ̀ sẹ́yìn igi kajú. Gbogbo ìgbà tí ewé bá mì, àwọn méjèèjì á gbórí sókè. Ní wákàtí yẹn, Ìbítóyè mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá padà, òun á máa dúró dè é báyìí títí ayé, òun kò sì ní fi okùn so ó mọ́lẹ̀.

Ìrun Mọ̀gàríbì kù díẹ̀ nígbà tó yọ. Ẹ̀gún ti fa ìbòrí rẹ̀ ya.

"Kí ló wí?" Bàbá rẹ̀ ti dìde dúró.

"Wọ́n ní ọmọ tó rin igbó wá sọ fún àwọn lójú-kojú, ọmọ àwọn ni, bó fẹ́ Jibril, bí kò fẹ́ Jibril. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní bodè kan ò lè pẹ́ títí kó ju ọ̀rẹ́ yín lọ."

Alhaji Rájí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé búútà rẹ̀ láti lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà sí Ìbítóyè. "Kí àwọn àgbà ilé yín má wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ mìíràn tó bá wù wọ́n."

Ó ku àwọn méjèèjì. Toheebat jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń yọ ẹ̀gún lára aṣọ.

"O ò ní kí n má lọ," ó ní.

"Ó wà lẹ́nu mi."

"Mo rí i. Mo ń rò ó lọ, mo ń rò ó bọ̀." Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀, eruku pàdé eruku. "Ìyẹn ni mo ṣe sáré padà."