Ẹ̀rọ Tó Wà ní Yàrá Màmá

Ẹjọ́ ni ọkùnrin náà gbé wá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé obìnrin náà. Òun ló ń yẹ iṣẹ́ wò ní ọ́fíìsì wọn, kò sì gba nǹkan kan gbọ́ àfi tó bá fojú ara rẹ̀ rí i, débi pé Jẹ́-n-wò-ó ni wọ́n sọ ọ́. Obìnrin náà, tí ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ látilé: ó ń kọ àwọn àfikún kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ ètò orí kọ̀ǹpútà, kí ètò náà lè ṣe ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni Jẹ́-n-wò-ó wí. "Àfikún tẹ́ ẹ kọ yìí, ilé yìí nìkan ló ti ń tò pọ̀ di ohun tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá dọ́dọ̀ wa, á ní nǹkan kan sọnù."

Obìnrin náà mọ ohun tó sọnù. Kò sẹ́ni tó ń kọ àfikún tí kì í yá iṣẹ́ ẹlòmíì lò. Inú àká ni wọ́n ti ń mú un, ìyẹn ibi tí àwọn tó ń kọ ètò ń kó iṣẹ́ wọn sí. Iṣẹ́ tí àfikún tirẹ̀ gbára lé, ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀, tó ní àléébù, wà ní àká gbogbo ayé. Èyí tó dára kò sí níbòmíì àfi nínú ẹ̀rọ olóògbé, ẹ̀rọ yẹn ló sì kọ sókè pátápátá nínú àwọn àká tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bi léèrè.

"Ẹ ò ṣe dà á kọ sí àká ọ́fíìsì? Iṣẹ́ kékeré ni," ni Jẹ́-n-wò-ó wí nígbà tí obìnrin náà ṣàlàyé tán.

Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì kan kí àfikún náà lè tò pọ̀. Nínú yàrá kejì, fáànù ẹ̀rọ olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ohùn ìyá àgbà kan tẹ̀lé e: "Ìyàwó mi, ó ti jí o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá ọkọ mi nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ṣé ẹ ti rí ìdí ẹ̀ báyìí?"

Ó rí i, àánú sì ṣe é.

Bí gbogbo iṣẹ́ tó kan àfikún náà ṣe di ohun tó gbọ́dọ̀ gba ilé yẹn kọjá nìyẹn, Jẹ́-n-wò-ó ò sì ráhùn. Ìbéèrè iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbé wá. Nígbà tó yá, kò rí ìbéèrè gbé wá mọ́, ó ṣáà ń wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó di ọwọ́ obìnrin náà mú, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi ẹ̀rọ náà ní nǹkan kan. Àwọn méjèèjì jáwọ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ooru ló mú un," ni ọkùnrin náà wí, ṣùgbọ́n kò dá òun gan-an lójú.

"Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò ní purọ́," obìnrin náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n bó o bá ti fọwọ́ kàn mí, ṣe ló máa ń dà bíi pé ọkọ mi ń gbọ́. Tí mo bá sì pa ẹ̀rọ yẹn, lójú Màmá, èmi ni mo pa ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kejì."

Nígbà tí Jẹ́-n-wò-ó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyẹn ò ràn án lọ́wọ́. "Àwọn tó ń bá alààyè du obìnrin, apá wọn ò ká a. Òkú nìwọ fẹ́ bá du tìẹ." Jẹ́-n-wò-ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn.

Ó padà lọ bá obìnrin náà. "Ìfẹ́ mi, mi ò ní kó o yọ iṣẹ́ ọkọ rẹ dànù. Tá a bá yọ ọ́, àfikún rẹ ò lè dúró. Ibi tá a ti ń mú un nìkan la máa yí padà. Orúkọ rẹ̀ á wà lára rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá mú un á máa rí i."

"Tí mi ò bá gbà ńkọ́?"

"Màá máa fẹ́ràn rẹ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè máa wá síbí mọ́, olólùfẹ́. Ó ti ń le jù fún mi."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí obìnrin náà tó pè é. Lọ́jọ́ tó pè é, ó ti da iṣẹ́ olóògbé náà kọ sí àká ọ́fíìsì, tòun torúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ó pa ìlà tó darí sí ẹ̀rọ yẹn rẹ́ níṣojú Jẹ́-n-wò-ó, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Àfikún náà tò pọ̀ láìsí àléébù. Yàrá kejì dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì bà wọ́n lẹ́rù ju ariwo lọ.

Màmá ṣílẹ̀kùn. "Ìyàwó mi, ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò jí."

"Kò ní jí mọ́, Màmá." Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Màmá jókòó. Ó sunkún tirẹ̀ tẹ́rùn, kò sì yára. Nígbà tó nujú tán, Jẹ́-n-wò-ó ló kọjú sí.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ọmọ mi ò ní kúrò lọ́kàn ìyàwó mi o. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá. Iṣẹ́ ọmọ yín ni mo ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ yìí."

"Ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún, àbí?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n gan-an, Màmá."

Obìnrin arúgbó náà mi orí pé ó dáa. "Lọ kó àwọn èèyàn rẹ wá."

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, ẹ̀gbọ́n Jẹ́-n-wò-ó ló ṣáájú. Ó fi ọ̀wọ̀ béèrè pé àwọn wo ni òbí ìyàwó. Àwọn tó bí obìnrin náà ti kú tipẹ́. Ojú ti ìyàwó. Màmá bá dìde, ó lọ jókòó sórí àga tó ṣófo láàárín.

"Èmi nìyí," ó wí. "Ọmọ mi lẹ wá tọrọ. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, torí òun nìkan ni mo ní."