Ohun Tí Àjíṣafẹ́ Rí Lára Òkú

Iyanrìn ẹ̀yìn ilé Àjíṣafẹ́ gbẹ. Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù nìyẹn, nítorí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ti dúró kọjú sí ọgbà títí èèyàn fi lè kírun kan tán, ó ní ìtọ̀ lòun fẹ́ tọ̀.

Ọyẹ́ mú ní Kútọnu lọ́dún náà, ọdún kejì tí ogun àwọn òyìnbó parí, tí Faransé ṣì ń ṣe ìjọba Dàhòmì. Eruku bo ọ̀sà mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò fi aṣọ bo imú. Nítorí náà, nígbà tí àlejò kan tó fi aṣọ funfun wé orí àti ẹnu dé lẹ́yìn ìrun Alásárì, Àjíṣafẹ́ kò bi í léèrè orúkọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, “ẹ jẹ́ kí n tọ̀ sẹ́yìn ilé yín.”

Ta ni yóò ní kí ọmọ aráyé má tọ̀? Àjíṣafẹ́ ní kó máa lọ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé. Àjíṣafẹ́ fetí sílẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Ó gbọ́ ìkérora, ó gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí padà nínú iyanrìn. Omi ni kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Àjíṣafẹ́ í ṣe. Òun ló ń wẹ òkú ọkùnrin fún àwọn mùsùlùmí àdúgbò Akpakpa láti ọdún mọ́kànlélógún. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì wúwo. Ẹni tó ń wẹ òkú kì í ròyìn ohun tó bá rí. Bí àpá ni, bí egbò ni, inú sàréè ló ń bá olúwa rẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ. Àjíṣafẹ́ fẹ́ràn òwe yìí, nítorí òun ló sọ ọ́ di ẹni iyì.

Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó wẹ Àlùfáà Adéníjì, ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní olóòótọ́. Nígbà tó fọwọ́ tẹ ikùn òkú náà jẹ́jẹ́ bí ìṣe wọn, kí ohun àìmọ́ tó kù lè jáde, abẹ́ ìdodo le bí àgbọn. Ìtọ̀ ló kún ibẹ̀ tí kò rọ́nà jáde. “Àtọ̀sí!” ni Àjíṣafẹ́ wí nínú ara rẹ̀, “àrùn àwọn tó ń sùn kiri.” Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì í. Ó rán aṣọ òkú, ó sì panu mọ́ kí orúkọ àlùfáà má baà bàjẹ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Mùílíù, àkọ́bí àlùfáà, kú. Bákan náà ló bá ikùn tiẹ̀. Ó rán aṣọ òkú tiẹ̀ náà, ó tún panu mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, bí àlejò ṣe ń kọjá lọ sẹ́yìn ilé, atẹ́gùn gbé etí aṣọ rẹ̀. Àjíṣafẹ́ rí bí wọ́n ṣe rán an: ojú abẹ́rẹ́ jìnnà síra, òwú kò sì ní kókó ní ìparí. Kò sẹ́ni tó ń ránṣọ alààyè bẹ́ẹ̀. Aṣọ òkú ni, òun Àjíṣafẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì rán an. Ó tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ilé.

Ọkùnrin náà kò yíjú padà. Ọgbà ló kọjú sí tó fi ń sọ̀rọ̀.

“Moukaila náà ti bẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Ẹ ò tún ní sọ?”

Kí Àjíṣafẹ́ tó sún mọ́ ọn, ọgbà nìkan ló kù.

Moukaila ni àbíkẹ́yìn Àlùfáà Adéníjì, akọ̀wé ní èbúté, ẹni àádọ́ta ọdún. Bí Àjíṣafẹ́ bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún fi òkú bàbá rẹ̀ lé e lọ́wọ́? Bí kò bá sọ̀rọ̀, òkú mìíràn ń bọ̀ nílé náà. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde.

Safurat, ìyàwó Moukaila, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Ó wà lẹ́yìn ilé, Bàbá,” ló wí wúyẹ́wúyẹ́. “Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Oṣù kẹrin rèé. Ó ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun á kọ̀ mí.”

Moukaila jáde sí wọn, ó ń làágùn nínú ọyẹ́. Àjíṣafẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọkàn rẹ̀ má baà yí padà: “Ìtọ̀ ló kún ikùn bàbá rẹ lọ́jọ́ tí mo wẹ̀ ẹ́. Ti Mùílíù náà rí bẹ́ẹ̀.”

“Mo fi Ọlọ́run búra, Bàbá, mi ò mọ obìnrin mìíràn.”

“Mi ò bi ọ́ ní ti obìnrin. Àìsàn tó ṣeé wò ni. Jẹ́ ká lọ.”

Ní ilé ìwòsàn, dókítà òyìnbó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ tú jáde títí abọ́ fi kún tí wọ́n tún gbé òmíràn. Moukaila sunkún bí ọmọdé. Nọ́ọ̀sì Clotilde, tó ń gbọ́ Yorùbá, ló ń túmọ̀ ohun tí dókítà ń sọ.

“Ó ní kì í ṣe àtọ̀sí. Ohun kan wà tí Ọlọ́run dá mọ́ ọkùnrin lábẹ́ àpò ìtọ̀. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó lè wú títí yóò fi fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Nígbà mìíràn jẹjẹrẹ ló wà nínú rẹ̀. Tiyín le bí òkúta. Iṣẹ́ abẹ ló kù, lọ́la. Ó ní òun ti rí i tó mú bàbá, tó tún mú ọmọ. Ó ń bèèrè bóyá ó ti ṣe ẹnìkan nílé yín rí, pé ẹni tó bá tètè mọ̀ ló ń tètè wá.”

Moukaila yíjú sí Àjíṣafẹ́. Nígbà tí dókítà àti nọ́ọ̀sì jáde, Àjíṣafẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Moukaila. Ìtìjú bò ó. Ẹni mímọ́ ló ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà nínú ọkàn rẹ̀ fọ́dún mẹ́sàn-án, ó sì pe ìyẹn ní bíbo àṣírí.

“Bàbá,” ni Moukaila wí, “lẹ́yìn tí ẹ wẹ bàbá wa, ọdún mélòó lẹ̀gbọ́n mi tún lò láyé?”

“Méje.”

“Ọdún méje. Ẹ̀yìn yín ló ń dúró sí kírun ní mọ́sálásí. Bí mi ò bá jí lọ́la, ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n sọ fún yín bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ? Ìgbà wo?”

Moukaila wò ó tìyanutìyanu. “Ṣé ẹ̀yin méjèèjì kọ́ lẹ jọ jókòó ni?”

Àjíṣafẹ́ kò wo ẹ̀gbẹ́. Ó di bẹ́ǹṣì náà mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìpẹ̀kun kejì bẹ́ǹṣì náà gbéra sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ẹnìkan bá dìde lórí rẹ̀.